Ṣé O Mọ̀? Àká Kan, Kọ̀ǹpútà Púpọ̀

Ṣé o mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kan lè gba ogún kọ̀ǹpútà sínú, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló nilé? Kì í ṣe ọgbọ́n àná: IBM ti gbé VM/370, ètò tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, jáde lọ́dún 1972. Bí Àgọ́-Ìwòyè ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló rí, ìletò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó kó jọ di ìlú kan lábẹ́ ọba wọn, Ẹbùmàwé.

Ṣé o mọ̀ pé ẹrù àwọn kọ̀ǹpútà inú yìí, ìyẹn fáìlì wọn, lè má sí nínú ẹ̀rọ tó gbà wọ́n sílé? Wọ́n lè kó o sí àká àjọlò, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n ń gbà débẹ̀. NFS tí Sun Microsystems ṣe lọ́dún 1984 jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà náà.

Ṣé o mọ̀ pé àká lè purọ́? Bí wọ́n bá tò ó sí async, "ó ti wọlé" ni yóò dáhùn, nígbà tí ẹrù ṣì wà nínú mẹ́mọ́rì, tí kò tíì kan dísíkì. Ká ní akọ̀wé kan ń tẹ máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, ìlú tó ti ní yunifásítì láti 1982. Iná lọ. UPS ń ké pì, pì, pì. Wọ́n fa okùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Bátìrì kú. Máàkì tí kọ̀ǹpútà ti ní òun gbà, kò sí mọ́. Sync, tó ń dúró kí ẹrù kan dísíkì kó tó dáhùn, lọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni mo fara mọ́ níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀.

Bí wáyà tó so kọ̀ǹpútà mọ́ àká bá já ńkọ́? Tó bá jẹ́ hard ni wọ́n yàn nínú ètò NFS, kọ̀ǹpútà á dúró de àká títí yóò fi padà. Soft á jáwọ́ láìpẹ́, iṣẹ́ sì lè bàjẹ́ láìsí ẹni tó fura.

Ṣé o mọ̀ pé server méjì lè tan kọ̀ǹpútà inú kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan bá rò pé èkejì ti kú? Àwọn méjèèjì á máa kọ sórí fáìlì kan, fáìlì á sì dàrú. Ọba méjì kì í gbé ààfin kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ gba iná lọ́wọ́ èyí tí wọ́n ń fura sí.

Snapshot, àwòrán bí dísíkì ṣe rí ní àkókò kan, kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ o! Dísíkì àkọ́kọ́ ló gbára lé; bí ìyẹn bá bàjẹ́, òun náà bá a lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ní oṣù Kẹsàn-án 2025, iná bátìrì jó ilé kọ̀ǹpútà ìjọba ní Daejeon, Kòríà Gúúsù? Terabyte 858 nínú àká àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba jóná. Kò sí ẹ̀dà níbòmíràn.

Ṣé o mọ̀ pé dísíkì terabyte mẹ́rin kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ? Kó ẹ̀dà sí i: ó wọ báàgì, ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó á sì gbé e lọ síbòmíràn.