Kí Wọ́n Ti Máa Retí Yín Kí Ẹ Tó Dé: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ṣètò Ọkọ̀ àti Bẹ́ẹ̀dì fún Aláìsàn

Ìwé ìlàlóye fún aboyún, ẹbí wọn, àti gbogbo ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn nílé

Ìwé yìí wà fún aboyún àti ọkọ rẹ̀, fún ìyá ọkọ tó wà nílé nígbà tí ìrọbí bá mú ìyàwó lóru, àti fún ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru yí. Ẹ ti gbọ́ nípa AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá tí wọ́n ń kọ́ kọ̀ǹpútà. A fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe lè ràn wá lọ́wọ́ láti gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ dókítà, ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àti ohun tó kù sí yín lọ́wọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2023, nǹkan bí 75,000 obìnrin ló kú nítorí oyún tàbí ìbímọ ní Nàìjíríà. Bí a bá pín gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé sí ọ̀nà mẹ́rin, tiwa nìkan ju ìdá kan lọ. Ohun tó ń pa púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ohun tí a kò mọ ìtọ́jú rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ, gìrì aboyún, ọmọ tó há. Ní ọdún 1994, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine kọ àlàyé kan tí àwọn dókítà àti agbẹ̀bí ṣì ń lò títí dòní. Wọ́n ní ìdádúró mẹ́ta ló ń pa aboyún: kí àwọn ará ilé pẹ́ kí wọ́n tó pinnu láti lọ, kí ó pẹ́ lójú ọ̀nà, kí ilé ìwòsàn pẹ́ kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Ẹni tó bá ti gbé aláìsàn kiri lóru rí mọ̀ pé ìdádúró kejì àti ìkẹta máa ń wọnú ara wọn. Ẹ gbé obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ dé ibi àkọ́kọ́, wọ́n ní kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fà sí i lára. Ẹ dé ibi kejì, dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Níbi kẹta, wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì ti kún. Ọkọ̀ wà, epo wà nínú rẹ̀, awakọ̀ náà ò sì jáfara, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń dà lára obìnrin náà. Ohun tí ẹ kò ní ni ìròyìn: ta ló ní ẹ̀jẹ̀, ta ló ní dókítà, ta ló ní àyè, ní ìṣẹ́jú yìí gan-an? Iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ bá wa ṣe nìyẹn. Ó dára kí ìjọba ra áńbúláǹsì kún èyí tó wà, ṣùgbọ́n bí a kò bá tún ọ̀rọ̀ ìròyìn yìí ṣe, áńbúláǹsì tuntun náà yóò kàn máa gbé aláìsàn kiri ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Tanzania

Láàárín àwọn ètò tí a mọ̀, ti Tanzania tí wọ́n ń pè ní m-mama ló bá ipò tiwa mu jù. Àjọ Vodafone Foundation àti ìjọba ibẹ̀ ló jọ gbé e dìde, láti agbègbè Adágún Victoria, kí ó tó di ètò gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ẹbí aboyún tàbí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré yóò pe 115, ìpè náà kò sì gba owó. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ìlera ló ń gbé e. Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀ á máa tọ́ ọ sọ́nà lórí ohun tó yẹ kó béèrè. Ìdáhùn tí wọ́n bá fún un ni yóò fi mọ̀ bóyá ilé ìwòsàn tó wà nítòsí tó, tàbí ó di dandan kí wọ́n gbé e lọ sí èyí tó tóbi.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á wá ọkọ̀. Bí áńbúláǹsì bá wà nítòsí, ó parí. Bí kò bá sí, ẹ̀rọ náà ní orúkọ àwọn awakọ̀ àdúgbò tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tí wọ́n sì ti forúkọ sílẹ̀: ẹni tó ń fi ọkọ̀ tirẹ̀ kérò lójú ọ̀sán ni wọn yóò pè lóru. Wọ́n á fi tó ilé ìwòsàn létí pé aláìsàn ń bọ̀ àti ohun tó ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá gbà á wọlé, owó awakọ̀ á wọ inú fóònù rẹ̀ láti orí M-Pesa, ètò ìfowóránṣẹ́ orí fóònù.

Apá owó yìí ló wù wá jù nínú ètò náà. Awakọ̀ kò bá ọkọ aboyún dúnàádúrà lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ náà kò sì ní láti máa kan ilẹ̀kùn aládùúgbò láti yáwó ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí kò nílò AI rárá. Òfin tí àwọn agbẹ̀bí àti dókítà kọ sílẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, láìgbàgbé ìkankan, ní aago mẹ́ta òru bí ti aago mẹ́wàá àárọ̀.

Ọ̀nà tó yàtọ̀ láti wákàtí dé wákàtí

Ibi tí AI ti wọlé gan-an ni ìṣirò ojú ọ̀nà. Dókítà Àdúràgbẹ̀mí Banke-Thomas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nínú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní OnTIME, lo Google Maps láti ṣírò bó ṣe ń pẹ́ tó kí aboyún tó dé ilé ìwòsàn tó lè tọ́jú rẹ̀ ní pàjáwìrì, ní ìlú ńlá 15 ní Nàìjíríà. Wọn kò fi okùn wọn ọ̀nà lórí máàpù lásán. Wọ́n ro súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́ ọn, wọ́n sì ṣe é fún oríṣiríṣi wákàtí àti ọjọ́. Ẹni tó ń gbé Èkó kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn jù ní òru lè máà jẹ́ èyí tí yóò tètè dé ní aago méje alẹ́. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí kò gbé àdúgbò yín kò mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni irú ìṣirò báyìí ti wúlò. Láti ara fóònù àwọn tó ń rin ọ̀nà ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń kọ́ ohun tó mọ̀. Lójú ọ̀nà oko tí fóònù ò pọ̀, ẹ gba ọ̀rọ̀ ọmọ àdúgbò gbọ́ ju tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìpè

Ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark, wọ́n kọ́ AI láti máa tẹ́tí sí ìpè pàjáwìrì kí ó lè dá ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ ìlù dúró mọ̀. Èsì tó jáde ní ọdún 2019, lórí ìpè tó lé ní 108,000, fi hàn pé ẹ̀rọ náà dá ìpín 84.1 nínú ọgọ́rùn-ún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé ìpè dá 72.5 mọ̀. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Ní ọdún 2021, èsì ìdánwò mìíràn jáde, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ta òṣìṣẹ́ lólobó lórí ìpè kan, tí kò sì ta á lólobó lórí òmíràn. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀ láàárín ìhà méjèèjì. Ẹ̀rọ rí i, ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí òṣìṣẹ́ ṣe kò yí padà tó bí wọ́n ṣe retí. Ìdí nìyí tí a fi ń rọ àwọn aláṣẹ pé kí owó tí wọn yóò fi kọ́ òṣìṣẹ́ bá owó ẹ̀rọ rìn.

Ẹni tí ìṣirò lè fojú fò

Ní Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpútà ti pẹ́ tó ti ń yan aláìsàn tí wọn yóò fún ní nọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó ń bá a to ọjọ́ àyẹ̀wò, tó sì ń rí i pé ó lo oògùn. Ní ọdún 2019, Ziad Obermeyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú ọ̀kan nínú ìṣirò wọ̀nyí wò. Iye owó tí wọ́n ti ná lórí ènìyàn ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ bí àìsàn rẹ̀ ṣe le tó. Owó tí wọ́n ń ná lórí aláwọ̀ dúdú sì kéré, kódà bí àìsàn rẹ̀ bá le bíi ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, aláwọ̀ dúdú ní láti ṣàìsàn ju aláwọ̀ funfun lọ kí ẹ̀rọ tó yàn án. Ìpín 17.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ẹ̀rọ yàn ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Bí wọ́n bá tún ìṣirò náà ṣe, yóò di 46.5. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston àti New York tààrà, ó sì kan àwa tó wà nílé. Ẹni tí kò lówó láti lọ sí ilé ìwòsàn kì í ní àkọsílẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ tó bá sì ń wo àkọsílẹ̀ nìkan lè pè é ní ẹni tára rẹ̀ le.

Ohun tó kù sí yín lọ́wọ́

Nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà ni 112, kò gba owó. Ní Èkó, 767 náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi wọ́n sínú fóònù gbogbo ará ilé, títí kan ti ọmọ tó ti mọ̀wé kà.

Bí ẹ bá pè, ibi tí ẹ wà ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, nítorí ìpè lè já. Ẹ má sọ pé "ilé wa". Ẹ sọ orúkọ ìlú, àdúgbò, bọ́sìtọ́ọ̀pù, àti ohun tí àlejò lè rí lóru: ilé epo, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, òpó ńlá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, nítorí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kì í rántí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ sọ ohun tí ojú yín rí: gìrì ń mú un, ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ méjì gbingbin, kò dá wa lóhùn mọ́. Kí ẹnìkan jáde lọ dúró pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì níbi tí ọ̀nà ti pínyà.

Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà, ẹ bi í léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín. Ẹ gba lẹ́tà, ẹ mú káàdì aboyún dání, ẹ sì mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá sì dé ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ san owó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2014, ní abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ìtanràn ₦100,000, ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì ló wà fún ẹni tó bá rú u.

Ó ku ọ̀rọ̀ nọ́ńbà fóònù. Ẹ̀rọ tó ń rán aboyún létí pé kí ó padà wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru kò mọ ohun mìíràn ju nọ́ńbà tó wà lórí káàdì lọ. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà ọkọ ni, ìránṣẹ́ náà á bá a níbi iṣẹ́, ó sì lè gbàgbé láti jíṣẹ́. Ìyá, ẹ fún nọ́ọ̀sì ní nọ́ńbà tiyín, àti ti ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán tó ń gbé nítòsí. Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera yín sí àṣírí tó gba ìṣọ́ra gidigidi; ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹni tó ń rí i. Bí ẹ bá yí nọ́ńbà padà tàbí kó kúrò nílé, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí ẹ bá tún wá, kí ó yí i padà níṣojú yín, kí ó sì pe nọ́ńbà tuntun náà kí ẹ tó dìde lórí àga.