Títo Àmì Adinkra àti Lẹ́tà Yorùbá ní Déédéé Lórí Kọ̀ǹpútà

Ní Ntonso, ìlú kan nítòsí Kumasi tí wọ́n ti ń tẹ aṣọ adinkra, òǹtẹ̀ kọ́ ni ó ń kọ́kọ́ kan aṣọ. Oníṣẹ́ ọnà yóò ti igi eléyín kan, tí ó dà bí òòyà, bọ inú aró dúdú tí wọ́n fi èèpo igi sè, yóò sì fi fa ìlà gbọọrọ tí ó pín aṣọ sí onígun mẹ́rin. Ìgbà tí ìlà bá ti dúró ni òǹtẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lára igbá yóò tó wọ àyè tirẹ̀. Iṣẹ́ náà ti pẹ́: aṣọ adinkra kan tí Bowdich gbà ní Kumasi ní ọdún 1817 ṣì wà ní British Museum, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ojú lásán kò tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí ọwọ́ já fáfá tó.

Ọ̀nà kan náà ni ètò kọ̀ǹpútà fún yíya àwòrán ń tọ̀, irú bí Inkscape, ètò ọ̀fẹ́ tí ó jáde ní ọdún 2003. Àpẹẹrẹ kan ni Adinkrahene, àmì tí ó jẹ́ òbìrìkìtì mẹ́ta, ọ̀kan nínú èkejì. Olùkọ́ yóò mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò tẹ Shift, Ctrl àti A pọ̀, yóò sì sọ èyí tí àwọn yòókù yóò tọ̀ wá kí ó tó pàṣẹ pé kí àárín wọn pàdé. Bí ó bá yan ojú-ìwé dípò òbìrìkìtì, gbogbo wọn yóò ṣí lọ sí àárín ojú-ìwé.

Ní ti lẹ́tà, ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àpótí aláìrí tí ó yí ohun kọ̀ọ̀kan ká ni ètò náà ń wọ̀n. Bí olùkọ́ bá to e àti ẹ sórí pátákó álífábẹ́ẹ̀tì ní ìsàlẹ̀ àpótí wọn, àmì abẹ́ ẹ ni yóò dúró lórí ìlà, ẹ fúnra rẹ̀ yóò sì ga ju e lọ. Bí ó bá tò wọ́n ní òkè, é ni yóò rì wálẹ̀. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé lè rò pé gíga ni ó ya lẹ́tà méjèèjì sọ́tọ̀. Èdè Akan, tí ó ń lo ɛ àti ɔ, kò ní ìṣòro àmì abẹ́ yìí. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ tí ó tó fún olùkọ́ Kumasi lè tan olùkọ́ Yorùbá jẹ.

Bọ́tìnì mìíràn wà lójú kan náà, tí ń to ọ̀rọ̀ nípa ìlà tí ẹsẹ̀ lẹ́tà dúró lé. Òun ni ó yẹ kí olùkọ́ lò, kí ó sì lò ó kí ó tó sọ lẹ́tà di àwòrán nítorí ilé ìtẹ̀wé tí kò ní fọ́ǹtì Yorùbá. Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́tìnì náà kò mọ̀ wọ́n ní lẹ́tà mọ́.