Ìbọn Abẹ́ Aṣọ Kò Lè Ṣọ́ Ilé

Ìbéèrè kan wà tí ó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu ní Mowé, ní Ìbàfò àti ní Ìfọ̀, tí àwọn tí ń bèèrè rẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Ìbéèrè náà ni pé: irú ìbọn ìléwọ́ wo ni ó dára kí ènìyàn máa fi pamọ́ sí abẹ́ aṣọ? Èwo ni kì í kọ iṣẹ́ ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀? Èwo ni kì í dédé ró mọ́ olówó rẹ̀ lára? A ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníṣòwò, a ti gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba, a sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu baba ọlọ́mọ mẹ́rin kan tí a mọ̀ sí onísùúrù ènìyàn. Nítorí náà, ó tọ́ kí a dáhùn rẹ̀ ní gbangba.

A kò ní fi àwọn tí ń bèèrè bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó bá mọ àwọn ìlú wọ̀nyí yóò mọ ohun tí ń lé wọn. Láti ìgbà tí a ti ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978 ni ilé ti ń hù bí olú ní Mowé àti Ìbàfò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Ìfọ̀, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Àkùkọ kì í tíì kọ tí wọ́n ti wà ní ibùdókọ̀. Ilẹ̀ a sì ti ṣú kí wọ́n tó padà dé. Láàrin ibùdókọ̀ àti ilé, wọn a máa gba ẹ̀bá ilẹ̀ tí a ti tà ṣùgbọ́n tí a kò tíì kọ́lé sí, níbi tí koríko ti ga ju ènìyàn lọ tí kò sì sí iná. Àwọn adigunjalè, àwọn ajínigbé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn àti àwọn ajagungbalẹ̀ kò jẹ́ kí ọmọlúàbí fi ọkàn balẹ̀ sùn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ni ó ṣe òfin ní ọdún 2016 láti fi gbógun ti ìjagungbalẹ̀, ìjínigbé àti ẹgbẹ́ òkùnkùn.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í ṣe olùdámọ̀ràn rere. Kí a tó bèèrè èyí tí ó dára jù nínú ìbọn ìléwọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè èyí tí òfin gbà wá láyè láti ní. Ìdáhùn rẹ̀ kúrú: kò sí ọ̀kan. Òfin Ìbọn tí a ṣe ní ọdún 1959, nígbà tí ó ku ọdún kan kí Nàìjíríà gba òmìnira, ni ó ṣì wà nínú ìwé òfin wa. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín ìbọn sí. Ọ̀nà kìíní ni ti àwọn ohun ìjà tí a fi òfin dè: àgbá, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn àwọn ológun. Láàrin wọn níbẹ̀ ni òfin to gbogbo ìbọn ìléwọ́ sí, títí kan èyí tí ọta ń yí po nínú rẹ̀ àti èyí àtijọ́ tí ń fi òkúta ṣá iná. Láìsí àṣẹ láti ọwọ́ Ààrẹ ilẹ̀ wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní wọn. Ọ̀nà kejì ni ti ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tí a fi ń ṣọdẹ, àti irú rẹ̀ mìíràn, èyí tí a ń gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ọ̀nà kẹta ni ti ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń lò, èyí tí aláṣẹ ní ìpínlẹ̀ lè fún ènìyàn ní ìwé rẹ̀.

Ìyà tí ó wà fún rírú òfin yìí kò kéré. Òfin tí a ṣe ní ọdún 1984 nípa ìdigunjalè àti ìbọn sọ pé ẹni tí a bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ yóò san owó ìtanràn N20,000, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì pọ̀. Òfin náà kò bèèrè bóyá olè ni ẹni náà tàbí ẹni tí olè ń lé. Bí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ baba ọlọ́mọ mẹ́rin wa dúró ní òpópónà, tí wọ́n sì bá ìbọn ní ìbàdí rẹ̀, ọ̀nà kan náà tí wọ́n fi ń mú adigunjalè lọ sí Eléwé-ẹran ní Abẹ́òkúta ni wọn yóò mú òun náà gbà. Òótọ́ ni pé ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní ìpín 33, gbà kí ènìyàn lo agbára tí ó mọ níwọ̀n láti gbèjà ẹ̀mí àti ohun ìní. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti gbèjà ara ẹni kò sọ ìbọn tí a kò gba àṣẹ rẹ̀ di ohun ẹ̀tọ́.

Ẹlòmíràn lè wí pé: "Ẹ̀wọ̀n sàn ju ikú lọ, ẹ ṣáà sọ èyí tí n óò rà fún mi." Ó dára; ẹ jẹ́ kí a wo ọjà náà. Nígbà tí òfin ti ti ìlẹ̀kùn, ọ̀nà méjì ni ó kù fún ẹni tí ń wá ìbọn ìléwọ́: ti fàyàwọ́ àti ti àgbélẹ̀rọ. Ìbọn tí ilé iṣẹ́ gidi bá ṣe, irin tí ó lè gba agbára ẹ̀tù ni a fi ṣe é, ó ní ohun ìdènà tí kì í jẹ́ kí ó ró bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kàn án, a sì ti yìn ín wò kí ó tó jáde. Àgbélẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Páìpù tí a kò ṣe fún ẹ̀tù rárá ni wọ́n sábà fi ń ṣe ẹnu rẹ̀. Ọta kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ó lè fọ́ mọ́ ẹni tí ó yìn ín lọ́wọ́, ó sì lè ró bí ó bá já bọ́ nílẹ̀. Ní ti fàyàwọ́, ta ni ó mọ iṣẹ́ tí ó ti ṣe kí ó tó dé Ìbàfò? Ọlọ́pàá a máa yẹ kóró ọta wò láti mọ ìbọn tí ó yìn ín. Ẹni tí ó bá ra ìbọn lọ́wọ́ àjèjì nínú òkùnkùn lè ra ọ̀ràn ìpànìyàn pọ̀ mọ́ ọn. Ọjà tí a kò lè dá padà, lọ́wọ́ ẹni tí a kò lè pè lẹ́jọ́, báwo ni a ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé e?

Ẹ sì jẹ́ kí a gbà pé ìbọn náà dára. Àwọn adigunjalè kì í sábà dá wá. Ìbọn wọn a sì ti wà lọ́wọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó jókòó há sáàárín èrò nínú ọkọ̀, tàbí tí ó ru ẹrù lọ sílé lálẹ́, báwo ni yóò ṣe ká aṣọ sókè, tí yóò fa ìbọn yọ, tí yóò sì yìn ín kí ọwọ́ wọn tó tẹ̀ ẹ́? Bí ó bá sì rí i yìn, ta ni yóò gba ọta náà, olè ni tàbí obìnrin tí ó jókòó níwájú? Ọmọ ogun ń fi oṣù púpọ̀ kọ́ ohun tí ẹni yìí fẹ́ ṣe ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ilé ńkọ́? Abẹ́ ìrọ̀rí tí baba fi ìbọn sí ni ọmọdé yóò kọ́kọ́ wá ohun ìṣeré dé. Ọ̀pọ̀ ilé ni a sì ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ owó, láàrin tọkọtaya. Ìjà tí ìbá parí sí ẹ̀bẹ̀ a máa parí sí ìsìnkú bí ìbọn bá wà nítòsí. Àwọn àgbà ti bi wá tipẹ́ pé: "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?"

Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí ìbọn. Ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, ìró ìbọn ojú ogun ni ó sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí bí àwọn baba wa ti ń gbé e. Ọdẹ a máa gbé ìbọn kọ́ èjìká ní gbangba. Tọmọdé tàgbà ní abúlé ni ó mọ̀ ọ́n. Ó ní olórí ọdẹ tí ó ń dá a lẹ́kun, ó sì ti fi Ògún búra. Bí ó bá ṣèèṣì yin ènìyàn, a mọ agbo ilé tí a ó lọ. Ẹni tí ó bá fi ohun ìjà sábẹ́ aṣọ wọ àárín ìlú, a kì í rò ó ní rere. A lérò pé àwọn tí ó ṣe òfin ọdún 1959 rí ohun tí àwọn baba wa rí, nítorí ìbọn ọdẹ ni wọ́n fi sí ọwọ́ aláṣẹ tí ó sún mọ́ ará ìlú jù, ìbọn tí ó ṣeé fi pamọ́ ni wọ́n sì dè mọ́lẹ̀ jù.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun yóò ní: ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Òótọ́ ni. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2022 pé òfin ilẹ̀ wọn fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìbọn ìléwọ́ jáde fún ààbò ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan tí ó ní ìwé àṣẹ fi ìbọn ìléwọ́ pa ọmọ iléèwé 16 àti olùkọ́ wọn kan ní Dunblane ní oṣù kẹta ọdún 1996, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1997 gba ìbọn bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó yan tirẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé Mowé kò lè mú òfin Amẹ́ríkà lọ síwájú adájọ́ ní Abẹ́òkúta.

Kí ni kí a wá ṣe? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Owó tí ẹnì kan fẹ́ fi ra ìbọn, bí onílé mẹ́wàá ní òpópó kan bá kó irú rẹ̀ jọ, yóò ra iná onítòòrùn tí yóò mọ́lẹ̀ láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, yóò sì ṣe géètì tí a ó máa tì lálẹ́. Kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò mọ ọdẹ tí ó gbà síṣẹ́: orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀ àti onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ọdẹ náà bá ní ṣakabùlà, kí a rí ìwé àṣẹ rẹ̀. Kí àwọn tí ó ń ti Èkó bọ̀ lálẹ́ máa dúró de ara wọn ní ibùdókọ̀, kí wọ́n rìn wọlé pọ̀. Kí àwọn tí ó ní ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́ máa ṣán koríko rẹ̀. Kí nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá tí ó sún mọ́ni, ti Àmọ̀tẹ́kùn àti 112 tí gbogbo Nàìjíríà fi ń pe ìrànwọ́ wà lára ògiri gbogbo ilé. Bí ọwọ́ bá sì tẹ afurasí, àgọ́ ọlọ́pàá ni kí a mú un lọ. Ẹni tí ó dáná sun ènìyàn ní ìta ti di apànìyàn.

Ṣùgbọ́n a kò ní di ẹ̀bi lé ará ìlú nìkan lórí. Ènìyàn kì í wá ìbọn bí ó bá pe ọlọ́pàá tí ó sì rí wọn. Ìlú tí ó wà ní Mowé àti Ìbàfò lónìí kì í ṣe ìlú tí a bá níbẹ̀ ní ọdún 1978. Kí iye ọlọ́pàá, ọkọ̀ wọn àti epo inú ọkọ̀ náà bá iye ènìyàn mu. A yin àwọn ìjọba ilẹ̀ Yorùbá fún Àmọ̀tẹ́kùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní ọdún 2020, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní ọdún 2021. Kí a rí wọn ní òpópó kéékèèké lóru. Kí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá àti ìjọba ìpínlẹ̀ kéde ní èdè Yorùbá bí a ti ń gba ìwé àṣẹ ìbọn ọdẹ, ẹni tí ó tọ́ sí àti ẹni tí kò tọ́ sí. Kí ibùdó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2021 láti mójú tó ìbọn kéékèèké ṣe ètò tí ẹni tí ẹ̀rù bà tí ó sì ti ra ìbọn yóò fi lè dá a padà láìsí pé ó di ọ̀daràn.

Títí di ìgbà náà, ìmọ̀ràn wa fún baba ọlọ́mọ mẹ́rin náà kò yí padà. Ìbọn ìléwọ́ tí ó dára jù lọ fún un ni èyí tí kò rà. Kí ó lọ kan ìlẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ iná àti géètì. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa bí a ti ń ṣọ́ ara wa.