Èrò sọ̀ kalẹ̀, ìgbẹ́ wọlé! Bí réluwéè kékeré Èkó ṣe di ọkọ̀ agbépòó

Ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó bá wọ réluwéè ní Mile 2, tó sì sọ̀ ní Marina, lè máa rò pé irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí l'Ékòó. Ó ti ṣẹlẹ̀ o! Láti 1902 ni réluwéè ti ń sọdá ọ̀sà wọ Lagos Island. Àmọ́ ohun tó kó gbẹ̀yìn kó tó kú, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, oṣù kẹta, 1901, ni wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn. Ìddó ló parí sí, bẹ́ẹ̀ òdìkejì omi ni ọ́fíìsì ìjọba àtàwọn oníṣòwò ńlá wà. Nígbà tó di 1902, lásìkò Gómìnà William MacGregor, wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gba orí afárá Carter, ọkọ̀ kékeré eléèéfín sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: ojú irin Ìbàdàn fẹ̀ tó ínṣì 42, ti kékeré yìí ò ju 30 lọ. Ọkọ̀ kan ò lè gun ojú irin èkejì. Tí ẹrù bá ti òkè dé Ìddó, àfi kí wọ́n já a, kí wọ́n tún un dì. Owó tó ń wọlé ò sì tó ná. Kí 1914 tó parí, èrò ti dẹ́kun wíwọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n wọn ò tú irin náà. Kín ló kù tó ń gbé? Ìgbẹ́ ni! Ayé ṣáláńgá oníkorobá ni nígbà yẹn; ohun táwọn agbépòó bá kó jọ ni ọkọ̀ yìí ń gbé lọ dà sínú ọ̀sà. Iṣẹ́ yẹn ló gbé e dé 1933 tó fi kógbá sílé.

Ẹrù ní tiẹ̀ ti rí ọ̀nà mìíràn. Ní 1926 ni wọ́n ṣí èbúté Àpápá, tí réluwéè ti ń já ẹrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ òkun.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí réluwéè tó tún kó èrò wọ Island, ní September 4, 2023, tí Blue Line bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí Red Line náà bẹ̀rẹ̀ ní October 2024, Òyìngbò ló dúró sí. Ẹni tó wọ̀ ọ́ láti Agbádo lọ́jọ́ náà, tó sì ń lọ sí Marina, tún ní láti wá bọ́ọ̀sì wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ará Ìbàdàn tó sọ̀ sí Ìddó ní 1901.

Réluwéè tí ò bá so mọ́ra wọn, ẹ̀yin ará Èkó, ẹ ti rí ibi tó parí sí.