Fáànù Tí Kò Yí Nínú Ampilifáyà Béèsì

Bí ampilifáyà gìtá béèsì bá ń dún dáadáa fún bí ogún ìṣẹ́jú, tó wá dákẹ́ lójijì, tó sì tún dún padà lẹ́yìn tó ti sinmi, ẹ má tíì sọ pé ó ti jó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ooru ló mú un. Wọ́n á gbé irú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, wọ́n á pààrọ̀ àwọn transistor ńláńlá inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù kékeré tó wà lẹ́yìn ni kò yí. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé, nígbà tí wọ́n bá tiẹ̀ rí i pé fáànù ò yí, fáànù tuntun ni wọ́n á sáré lọ rà. Fáànù kì í dá ara rẹ̀ yí. Àwọn nǹkan kan wà tó ń gbé iná fún un, tó sì ń sọ ìgbà tí yóò yí, àwọn yẹn ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè.

Ohùn béèsì ń jẹ iná púpọ̀. Okùn tó nípọn jù lára gìtá olókùn mẹ́rin máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, etí wa kì í sì í gbọ́ ohùn tó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ dáadáa àfi tí agbára ńlá bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ampilifáyà class AB, tó ṣì wọ́pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ohun tó ń di orin nínú iná tó ń wọlé kò lè ju ìdá 78.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ bó ti wù kó ṣe dáadáa tó, tí a bá sì ń lù ú lóòótọ́, kì í tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ìyókù, ooru ni. Àwọn transistor á ti ooru náà sára heatsink, ìyẹn irin alumíníọ̀mù tó ní ìyẹ́ púpọ̀ tí wọ́n dè wọ́n mọ́, fáànù á sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná.

Kí ẹ tó ṣí ohunkóhun, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lára iná. Ìyẹn nìkan kò tó, torí pé àwọn capacitor ńlá inú rẹ̀ ṣì ń di iná mú. Nínú èyí tó ń lo páwà sọ́pùláì ìgbàlódé tí kò ní tiransifọ́mà ńlá, iná 230V tó wọlé máa ń di nǹkan bí 325V lórí capacitor àkọ́kọ́, ìyẹn sì lè pa èèyàn. Ẹ fi resistor tó lágbára fa iná náà kúrò, ẹ má fi súkúrù-díráífà so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì fi mítà wò ó pé ó ti lọ. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí, kó jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìka yí abẹ́ fáànù. Tó bá le, eruku ọyẹ́ àti òróró tó ti gbẹ ló fà á. Tó bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ yọ wáyà rẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ bátìrì 9V, pupa sí pọ́sítífù, dúdú sí nẹ́gétífù. Fáànù 12V á yí díẹ̀díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ má fi òómù wọ̀n ọ́n, torí ẹ̀rọ kékeré wà nínú fáànù fúnra rẹ̀ tó ń darí yíyí rẹ̀, mítà ò sì ní sọ òótọ́ fún yín.

Tí fáànù bá yí lórí bátìrì, ẹ dá a padà, kí ẹ tan ampilifáyà, kí ẹ jẹ́ kó gbóná, kí ẹ sì wọn fólítì láàárín wáyà rẹ̀ méjèèjì. Láàárín wọn ni mo wí o. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi ẹsẹ̀ mítà kan sí ara irin ampilifáyà, wọ́n á rí 12V lórí wáyà pupa, wọ́n á ní iná dé, fáànù ló kú. Bẹ́ẹ̀, tí transistor tó ń tan fáànù bá wà lápá nẹ́gétífù, tí kò sì tíì ṣí ọ̀nà, 12V náà ni ẹ máa rí lórí wáyà dúdú. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, kò sì sí ohun tí yóò yí fáànù.

Nígbà náà, ẹ wo ẹsẹ̀ base transistor yẹn. Tí 0.6V bá wà níbẹ̀ (tàbí nǹkan bí 1.2V sí 1.4V fún irú TIP122), tí fáànù ò sì yí, transistor náà ló ti já. Tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ máa lọ sápá sensor tó wà lára heatsink. Thermistor ló sábà máa ń jẹ́: èyí tó bá jẹ́ 10,000 òómù ní 25°C yóò ti dín sí nǹkan bí 4,000 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ní 50°C. Ẹ pa iná, ẹ tún fa iná inú capacitor kúrò bíi ti àkọ́kọ́, ẹ yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, kí ẹ wá fi ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ. Tí nọ́ḿbà orí mítà ò bá sọ̀kalẹ̀, ẹ ti rí arúfin. Fáànù tó ń sáré tagbáratagbára látìgbà tí ẹ ti tan ampilifáyà tútù ń sọ òdìkejì: transistor ti so pọ̀, tàbí sensor ń purọ́ pé ooru wà.

Resistor tó ń dín fólítì kù fún fáànù ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Ká ní iná 40V ló wà nínú ampilifáyà, fáànù sì jẹ́ 12V tó ń fa 0.2A. Resistor náà gbọ́dọ̀ jẹ 28V, nítorí náà yóò jẹ́ 140 òómù, ooru tó ń jáde lára rẹ̀ nìkan á sì tó wáàtì 5.6. Ooru yẹn máa ń fọ́ lẹ́ẹ̀dì (solder) tó wà nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó: òrùka dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yíká ẹsẹ̀ náà túmọ̀ sí pé ó ti já. Ẹ tún un jó pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì tuntun. Níbi tí wọ́n bá ti pààrọ̀ fáànù láìka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ ni ìṣòro kejì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi fáànù 12V tó ń fa 0.1A sípò 0.2A, resistor yẹn ò ní jẹ 28V mọ́, iye tó máa dé ọ̀dọ̀ fáànù á ju 12V lọ dáadáa, yóò sì jó láìpẹ́. Ẹ ra èyí tí fólítì, áńpíà àti ìwọ̀n rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, kí ẹ sì wo ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà lọ sí òdì.

Tí ẹ bá ń kánjú, tí ìsìn ń bọ̀ lọ́la, ẹ lè so fáànù mọ́ iná 12V kó máa yí láìdáwọ́ dúró. Ariwo rẹ̀ á pọ̀, eruku á sì máa wọlé sí i, àmọ́ kò ní pa ampilifáyà. Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni kí oníṣẹ́ so wáyà sensor kejì pọ̀, èyí tó ń pa ampilifáyà nígbà tí ooru bá kọjá ààlà. Àwọn sensor méjèèjì lè jọra, wọ́n sì lè wà lórí heatsink kan náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ yín èwo ló fọwọ́ kàn, tó bá sì jẹ́ kejì yẹn ló so pọ̀, ẹ ní kó tú u kí ẹ tó gbé ampilifáyà náà kúrò níwájú rẹ̀.