Ìwádìí Oríṣiríṣi Lórí Ohun Tó Wà Lọ́wọ́ Awo: Ìwalẹ̀pìtàn, Ìṣirò, Ìmọ̀ Ẹ̀rọ àti Agbára Iná



Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga tọ ọ̀kan nínú àwọn àgbà awo wa lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó fi gba ohùn bàbá sínú téèpù. Ó ya ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní fọ́tò, ó ka ikin, ó sì ṣèlérí pé òun yóò mú ìwé tí òun bá kọ padà wá. Bàbá ti papò dà báyìí. Ìwé kò dé, téèpù kò dé. Láti ìgbà náà, bí àlejò bá yọ pẹ̀lú bírò àti ìwé, àwọn kan nínú wa a tilẹ̀kùn. Àwọn mìíràn a sọ ohun tó bá ti wá sí wọn lẹ́nu kí àlejò lè tètè máa lọ. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjèèjì kò ṣe wá láǹfààní.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣe àlàyé ìwádìí oríṣi mẹ́rin tó kan ohun tó wà lọ́wọ́ awo. Kókó ọ̀rọ̀ wa kò ju ọ̀kan lọ: oníkálukú onímọ̀ ló ní ìbéèrè tirẹ̀, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tó mọ. Awo tó bá mọ ibi tí ìbéèrè àlejò rẹ̀ mọ yóò mọ ohun tó yẹ kí òun fún un, yóò mọ ohun tó yẹ kí òun gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní torí ìwúrí sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ìbéèrè awalẹ̀pìtàn

Awalẹ̀pìtàn ń béèrè pé: kí ló kù nínú ilẹ̀, ìgbà wo ló sì ti wà níbẹ̀? Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀, ó sì wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun. Nígbà tó rí bí iṣẹ́ ọnà ibẹ̀ ti dára tó, kò lè gbà pé àwọn baba wa ló ṣe é. Ó so ó mọ́ àwọn Gíríìkì àtijọ́ àti ìlú Atlantis inú ìtàn àròsọ. Ní 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin Ọọ̀ni, bá àwọn orí tí a fi idẹ àti bàbà rọ pàdé nínú ilẹ̀.

Igbó Olókun kan náà ló wá dá Frobenius lóhùn. Ní 2006, James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé wọ́n ń ṣe dígí láti ìpilẹ̀ ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń yọ́ èyí tí oníṣòwò kó wá. Lẹ́yìn náà ni Abidemi Babalola wa ilẹ̀ ibẹ̀. Nínú ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2017, ìlẹ̀kẹ̀ dígí lé ní 12,000, àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń yọ́ dígí sì lé ní 800. Èròjà inú dígí náà yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Yúróòpù àti ti ilẹ̀ Lárúbáwá. Iṣẹ́ ọwọ́ ará ilé ni, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọdún? Èédú ni. Láti 1949, nígbà tí Willard Libby gbé ọ̀nà náà jáde, ni wọ́n ti lè wọn carbon-14 inú èédú. Ìdajì rẹ̀ a máa tán láàárín nǹkan bí ọdún 5,730, nítorí náà èyí tó kù ló ń sọ ìgbà tí igi náà kú. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ojúbọ, ẹ wò ó: eérú àti èédú tí ẹ bá gbá dànù nígbà tí ẹ ń tún ilẹ̀ ṣe, kàlẹ́ńdà ni ẹ dànù yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ibi tí ìbéèrè yìí mọ. Awalẹ̀pìtàn lè sọ ọdún tí èédú jóná. Kò lè sọ ọjọ́ tí Ọ̀rúnmìlà tẹ Òkè Ìgẹ̀tí dó. Bó bá ní òun kò rí i nínú ilẹ̀, kò pè yín ní òpùrọ́. Irinṣẹ́ rẹ̀ ni kò dé ibẹ̀.

Ìbéèrè onímọ̀ ìṣirò

Onímọ̀ ìṣirò ń béèrè pé: mélòó ni, báwo ni wọ́n sì ṣe tò? Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú 8, 4 lápá ọ̀tún, 4 lápá òsì. Ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé. Apá kan ṣoṣo lè jáde ní ọ̀nà 2 × 2 × 2 × 2, èyí jẹ́ 16. Apá méjèèjì pọ̀ di 16 × 16, èyí jẹ́ 256. Nínú 256 yìí, 16 ni ojú odù, níbi tí ọ̀tún àti òsì ti bára mu; 240 tó kù ni àmúlù. Bí ojú ọ̀pẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń ṣí bó ṣe ń dé, á jẹ́ pé nínú ìgbà 16 tí a bá dà á, a lè retí ojú odù lẹ́ẹ̀kan.

Ti ikin kò rí bẹ́ẹ̀. Bí 1 bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ a tẹ 2, bí 2 bá ṣẹ́kù a tẹ 1. Ṣùgbọ́n bóyá 1 ni yóò ṣẹ́kù tàbí 2, ó wà lọ́wọ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ti fẹ̀ tó àti bí ikin ti tóbi tó. Onímọ̀ kò lè jókòó sínú ọ́fíìsì kó mọ èyí. Àfi kó wá jókòó ti awo. Ìwádìí tí a lè jọ ṣe nìyẹn: kí awo kọ odù tó bá jáde sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún kan, láìkọ orúkọ ẹni tó wá dáfá.

Èdè wa náà ń ṣírò. Mẹ́rìndínlógún: a yọ 4 kúrò nínú 20. Igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta: a yọ 4 kúrò nínú 60, a wá fi èyí tó kù lé 200. Adolphus Mann ti kọ̀wé lórí ètò òǹkà Yorùbá ní 1887, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sì ti tẹ̀ lé e.

Ẹ gbọ́ eléyìí o. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ ní gbangba pé lọ́wọ́ Ifá ni Leibniz ti gba ìṣirò oní-0-àti-1. Ohun tó wà nínú ìwé tí Leibniz fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1703 ni pé ó fi ìṣirò náà wé àwọn àmì àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà. Kò dárúkọ Ifá. Ron Eglash, nínú ìwé rẹ̀ ti 1999, gbìyànjú láti tọ ọ̀nà tí irú àmì bẹ́ẹ̀ lè ti gbà kúrò ní Áfíríkà, kọjá lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá tó ń tẹ yanrìn, dé Yúróòpù. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí á wádìí ni. Kò tíì di ohun tí a lè fi búra.

Ibi tí ìṣirò mọ nìyí: ó lè sọ bí odù kan ti lè jáde sí. Kò lè sọ ìdí tí odù náà fi jáde fún ẹni tó jókòó níwájú yín láàárọ̀ yìí.

Ìbéèrè ẹnjiníà

Ẹnjiníà ń béèrè pé: báwo ni wọ́n ṣe ṣe é, ṣé a sì lè tún un ṣe? Àwọn orí Ifẹ̀, ìda ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ wọ́n. Wọ́n fi amọ̀ bo ìda náà, wọ́n yọ́ ìda jáde, wọ́n sì da irin yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Bàbà lásán kì í yọ́ àfi bí iná bá tó 1,084 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ó sì máa ń gba afẹ́fẹ́ sínú nígbà tí wọ́n bá ń dà á. Síbẹ̀, ìbòjú tí à ń pè ní ti Ọbàlùfọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà. Ẹnjiníà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣí fìlà fún ẹni tó dà á.

Ní ti kọ̀ǹpútà, bíìtì 8 ló wà nínú báìtì 1, báìtì 1 sì lè dúró ní ọ̀nà 256. Ó bá ojú ọ̀pẹ̀lẹ̀ dọ́gba lóòótọ́. Nítorí èyí, àwọn ọ̀dọ́ awo wa kan ń sọ pé Ifá ló dá kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ. Claude Shannon ló fi hàn ní 1937 pé a lè fi títàn àti pípa iná ṣe ìṣirò àti ìrònú, ẹ̀rọ System/360 tí IBM gbé jáde ní 1964 ló sì mú kí báìtì oní-8 fìdí múlẹ̀. Òfin ìṣirò kan náà ni awo àti ẹnjiníà bá pàdé, ibi tí oníkálukú gbà dé ibẹ̀ yàtọ̀. Pé awo ti ń lò ó láìní iná mànàmáná tó iyì. Bí a bá pa irọ́ kún un, ọjọ́ tí irọ́ bá tú, wọn yóò kó òótọ́ mọ́ ọn dànù.

Ìbéèrè onímọ̀ agbára iná

Eléyìí ń béèrè pé: kí ló ń jó, ooru mélòó ló sì wà nínú rẹ̀? Dígí Igbó Olókun, bàbà Ọbàlùfọ̀n àti irin Ògún, kò sí èyí tó ṣeé ṣe láìsí èédú àti afẹ́fẹ́. Ní 1904, C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde lórí iléru tí wọ́n ti ń yọ́ irin nítòsí Ọ̀yọ́, tí iṣẹ́ ṣì ń lọ níbẹ̀ nígbà náà.

Ọ̀pẹ wa náà wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ilé ọ̀pẹ. Ní 1848 ni wọ́n gbin irúgbìn ọ̀pẹ 4 péré sí Bogor ní Indonéṣíà, lára wọn sì ni oko ọ̀pẹ ńláńlá apá ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí Indonéṣíà àti Malaysia ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú epo pupa ayé. Èèpo èkùrọ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń kó sínú iná ni wọ́n ń dì sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Jàpáàn báyìí láti fi ṣe iná mànàmáná. Ní ilẹ̀ wa, ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí Benin, tí à ń pè ní NIFOR, ti wà láti 1939. Àwọn onímọ̀ ewéko sì mọ ọ̀pẹ Ifá lọ́tọ̀, èyí tí ewé rẹ̀ kì í pínyà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni idolatrica, ìyẹn ni pé ti abọ̀rìṣà. Wọ́n fi ẹnu kan náà gbà pé àwa la dáàbò bò ó, wọ́n sì fi bú wa. Irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kí awo bá wọn sọ ní ojúkoojú nìyẹn.

Onímọ̀ yìí náà ní ibi tó mọ. Agbára tó ń wọ̀n, ooru ni. Kì í ṣe àṣẹ. Ẹni tó bá ní àṣẹ ni iná mànàmáná kò tíì lóye èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Kí ni kí awo wá ṣe?

Bí oníwádìí bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ má lé e, ẹ má sì ṣí gbogbo àpótí fún un. Ẹ kọ́kọ́ béèrè nǹkan márùn-ún. Ta ló rán an? Ìbéèrè wo gan-an ló fẹ́ dáhùn? Níbo ni ohùn àti àwòrán tó bá gbà yóò wà? Orúkọ ta ni yóò wà lára iṣẹ́ náà? Ìgbà wo ni yóò padà wá ka àbájáde rẹ̀ sí yín létí ní èdè Yorùbá? Kí ó kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan sì kù sí yín lọ́wọ́. Ohun tó jẹ́ awo, ẹ sọ pé awo ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin oníwádìí náà, ẹ gbọ́. Ní 2005 ni UNESCO kéde ètò ìfádídá gẹ́gẹ́ bí ohun iyì gbogbo ayé, ní 2008 ó sì wọ ìwé àkọsílẹ̀ wọn. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà ní Párís kò lè rọ́pò téèpù bàbá tí kò padà wálé. Bí irú rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, tàbí ní kọ́bọ́ọ̀dù olùkọ́ yín tó ti fẹ̀yìntì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá. Àwọn ọmọ bàbá ṣì wà láàyè, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Àbọrú, àbọyè. Kí Ifá jẹ́ kí ohun tí a ń wá bá wa nílé.