Ta Ni Ó Ni Òkú? Fífi Ara Ẹni Sílẹ̀ fún Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn ní Agbègbè Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni kí ènìyàn fi ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè, pé bí òun bá kú, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi òkú òun kọ́ iṣẹ́. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà fàyè gbà á, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń ṣe é ṣọ̀wọ́n bí ojú. Àlàyé tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àṣà Yorùbá ni kò gbà á. A kò fẹ́ ta ko àlàyé yìí pátápátá. Èrò tiwa ni pé àṣà lọ́wọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí a rò pé ó ti ń dènà kọ́ ni ó ti ń dènà.

Ìdí tí a fi mú ìlú mẹ́ta yìí ni pé ìgbé ayé wọn jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Ìlú ojú irin ni Ìfọ̀. Àwọn agboolé àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ tí ibojì bàbá àti ìyá ń bẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Mowé àti Ìbàfò yàtọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ni wọ́n wà, ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní 1978, ọ̀nà yìí sì ni ó kó ọ̀pọ̀ èrò wá bá wọn. Ẹni tí Èkó kò gbà mọ́ ni ó ń wá ilé síbẹ̀. Ayálégbé kò lè sin òkú sí ilé onílé. Bí ìyá ènìyàn bá kú ní Ìbàfò, mọ́ṣúárì ni a kọ́kọ́ ń gbé e lọ, a ó sì máa dúró de ẹbí láti Ọ̀yọ́, láti Èkìtì, tàbí láti ilẹ̀ Ìgbò. Bí ẹbí kò bá mọ̀ ńkọ́? Ẹni tí ọkọ̀ gbá ní òru ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, tí kò ní ìwé kankan lápò, ta ni yóò wá gbé e? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròsọ, nítorí pé irú òkú bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin àtijọ́ fi sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

Kí dókítà tó lè fi ọ̀bẹ kan alààyè, ó gbọ́dọ̀ ti tú òkú wò: ibi tí iṣan ń gbà, bí ọkàn ṣe jókòó, ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwe. Àwòrán inú ìwé kò tó, nítorí pé ara ènìyàn méjì kò rí bákan náà. Wọ́n a fi oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú rà sí i lára, akẹ́kọ̀ọ́ bí i mélòó kan a sì pé yí i ká fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn nìkan, irú ẹ̀kọ́ yìí ń lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù àti ti Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn, tí kò sì sí èyí tí ó jìnnà sí Mowé nínú méjèèjì.

Ibo ni òkú wọ̀nyí ti ń wá? Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ibẹ̀ ni òfin tiwa ti wá. Ní 1752, wọ́n ṣe òfin kan níbẹ̀ pé òkú apànìyàn tí a bá yẹgi fún kò gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ bí òkú ènìyàn gidi. Kí a gbé e fún àwọn oníṣẹ́ abẹ kí wọ́n tú u. Wọ́n fi títú òkú ṣe àfikún ìyà. Nígbà tí òkú apànìyàn kò tó mọ́, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí hú òkú jí. Ní Edinburgh ní 1828, ọkùnrin méjì kan, Burke àti Hare, pa ènìyàn mẹ́rìndínlógún, wọ́n sì ta òkú wọn fún olùkọ́ ìṣègùn kan. Wọ́n yẹgi fún Burke ní 1829, àwọn oníṣègùn sì tú òkú òun náà. Òfin 1832 ni ó wá fún àwọn oníṣègùn ní òkú tálákà tí ẹnikẹ́ni kò wá gbé. Ní ọdún yẹn kan náà ni Jeremy Bentham, amòye ńlá nípa òfin, kú ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ tinútinú. Egungun rẹ̀ tí wọ́n wọ̀ láṣọ ṣì wà ní University College títí di òní. Ṣùgbọ́n òfin kò tọ ipasẹ̀ Bentham. Ipasẹ̀ tálákà ni ó tọ̀.

Ìjọba amúnisìn gbé irú òfin náà wá sí Nàìjíríà ní 1933. Èso rẹ̀ ni èyí tí a ń rí. Ìwádìí kan tí ó jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Clinical Anatomy ní 2011 sọ pé ó lé ní àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òkú tí a ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Nàìjíríà tí ó jẹ́ ti àwọn tí a pè ní ọ̀daràn tí a yìnbọn pa. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ọmọ tálákà sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Òkú ẹni tí ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kò sí nínú wọn rárá. Ní 2021, BBC ròyìn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Calabar tí ó wọ kíláàsì, tí ó dé ìdí tábìlì, tí ó sì rí i pé òkú ọ̀rẹ́ òun ni ó wà lórí rẹ̀. Àwọn ẹbí ọmọ náà ti ń wá a láti àgọ́ ọlọ́pàá kan dé òmíràn. Yorùbá ní ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fi fún ẹkùn pa jẹ. Èyí ni pé nínú ìwé ìjọba, ‘òkú tí kò ní ẹni’ lè jẹ́ òkú tí a kò jẹ́ kí ẹni rẹ̀ mọ ibi tí ó wà.

Òfin Ètò Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 wá ṣí ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó bá tó ẹni tí í kọ ìwé ìhágún lè fi ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún náà. Ó sì lè kọ ọ́ sínú ìwé lásán tí òun àti ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí. Bí kò bá sì mọ̀wé, ó lè fi ẹnu sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí méjì. Ọ̀nà kẹta yìí bá ti wa mu ju bí àwọn tí ó kọ òfin náà ti rò lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn àgbà kì í ṣe ohun tí ilé Yorùbá ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ibi tí òfin náà ti kọsẹ̀ lójú tiwa ni ibi tí ó ti to àwọn tí ó lè yọ̀ǹda òkú ẹni tí kò sọ nǹkan kan: ọkọ tàbí aya ni ó kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà ọmọ, òbí, títí dé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ní Ìfọ̀, ta ni yóò gbà pé opó ni kí ó pàṣẹ lórí òkú ọkọ rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bàbá ọkùnrin náà jókòó? Ẹbí ni ó ni òkú.

Èyí ni ó gbé wa dé inú àṣà gan-an. Ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Ẹni tí ó bá gbé ara rẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ dà bí ẹni tí ó gba ìsìnkú mọ́ ọmọ lọ́wọ́, èyí kò sì kéré. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa mọ bí a ti ń sin ẹni tí ara rẹ̀ kò sí nílé. Bí ènìyàn bá kú sí ìdálẹ̀, irun àti èékánná rẹ̀ ni a ń gé wá sílé, a ó sì sin ín bí òkú pípé, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yẹ. Ìnáwó òkú pàápàá lè dúró fún oṣù tàbí ọdún kí ó tó wáyé. Nítorí náà, bí a bá wí pé Yorùbá kò lè sin òkú láìsí odidi ara, a kò sọ òótọ́.

Ibi tí ìṣòro náà fìdí sí ni ọ̀rọ̀ òkú tí ẹbí kì í sin. Ẹni tí àrá pa, àwọn adóṣù Ṣàngó ni ó ń gbé òkú rẹ̀. Ẹni tí Ṣọ̀pọ̀ná pa, àwọn olórìṣà ni. Òkú tí ó bá bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn lọ́nà báyìí, òkú tí ó ní àbùkù ni. Ìgbà tí òfin Gẹ̀ẹ́sì wá gbé òkú ẹni tí ìjọba pa àti ẹni tí kò ní ẹni sórí tábìlì, àbùkù méjèèjì pàdé ara wọn. Ta ni yóò wá fínnúfíndọ̀ lọ sùn láàárín àwọn tí a fi ìyà jẹ? Lójú tiwa, èyí ni ó ń dènà ju irun, èékánná tàbí ọ̀run lọ. Ní ilẹ̀ Thailand, níbi tí àwọn ènìyàn ń fi ara wọn sílẹ̀ fúnra wọn, ‘olùkọ́ àgbà’ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe òkú náà, wọ́n a sì ṣe ẹ̀yẹ fún un pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí.

Ti ẹ̀sìn kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. Onígbàgbọ́ tí ó bẹ̀rù pé òun kò ní ara tí òun yóò fi jíǹde mọ̀ pé ìjọ òun kò sọ ìrètí nù lórí ẹni tí ó jóná. Ti Mùsùlùmí le díẹ̀, nítorí pé ẹ̀sìn náà fẹ́ kí a tètè sin òkú, kò sì fẹ́ kí a fọ́ egungun rẹ̀. Àwọn onímọ̀ wọn kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá àìgbọdọ̀máṣe ẹ̀kọ́ ìṣègùn lè dá a láre.

Ẹ̀rù àwọn afiniṣòògùn ni a kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí igbó Sókà ní Ìbàdàn ní 2014, àti láti ìgbà tí wọ́n ti mú àwọn ọ̀dọ́mọdé tí ó ń sun orí ọmọbìnrin kan ní Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní 2022, ẹni tí ó bá gbọ́ pé a ń tọrọ òkú yóò kọ́kọ́ fura. Kò sì jẹ̀bi. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn tí ó lè tán ìfura yìí. Ohun tí ó lè tán an ni ìwé tí ẹbí lè wò: ọjọ́ tí òkú wọlé, ẹni tí ó gbà á, ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ parí, ibi tí a sin ìyókù sí, àti àyè fún ọmọ láti wá wo ibojì náà. Kí wọ́n sì gé irun àti èékánná fún ẹbí kí òkú tó kúrò nílé. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá lè ṣe èyí kò tíì tó ẹni tí à ń fi ara fún, bí ó ti wù kí àìní rẹ̀ pọ̀ tó. Bákan náà ni a rò pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kan tó gba òkú ‘tí kò ní ẹni’ láti mọ́ṣúárì kankan ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ yẹn, ó yẹ kí a ti kéde rẹ̀ lórí rédíò ní èdè tí àwọn ará Mowé àti Ìbàfò ń gbọ́, kí a sì ti fún àwọn tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn ní àkókò láti dé.